Àtúpalẹ̀ Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Ìdáhùn Tó Sún Mọ́ra Nínú Ìbéèrè Àkàyé Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìṣòro kan tó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò àkàyé Yorùbá, èyí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè mú ìdáhùn kan ṣoṣo nígbà tí méjì nínú mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀ bá jọra bí ìbejì. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìjọra láàárín àwọn ìdáhùn kì í ṣe àbùkù; òun gan-an ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi ń dán òye ìwé kíkà wò. Ohun tó jẹ́ àbùkù ni ìjọra tí kò sí ẹ̀rí kankan nínú àyọkà tó lè tú u. A lo àyọkà kékeré kan àti ìbéèrè mẹ́rin tí a kọ fún iṣẹ́ yìí láti ṣàlàyé oríṣìí ìjọra tó wà. A ṣe lámèyítọ́ àwọn "ọgbọ́n ìdánwò" tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ, a sì dá àbá lórí ohun tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì àti nígbà tó bá ń ṣètò ìbéèrè.

1.0 Ìfáárà

Àkàyé, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ni kíkà tó yọrí sí yíyé. Ẹni tó kàwé tí ohun tó kà kò yé e, ojú lásán ló fi wo ìwé. Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà mọ̀ bóyá àyọkà yé akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Èkejì ni kí a to ìdáhùn mélòó kan síwájú rẹ̀ kí ó mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà kejì yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ọ́bújẹ́tíìfù, ni a ó máa pè ní ìbéèrè aláṣàyàn nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni àjọ JAMB ń lò láti mọ ẹni tó yẹ kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, láti 2015 sì ni ìdánwò UTME ti di èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tó lè sọ pé irú ìbéèrè yìí kò kan òun.

Ìbéèrè aláṣàyàn kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ni Frederick J. Kelly, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Ìwé kíkà ni ìdánwò tó gbé jáde ní nǹkan bí 1915 dá lé. Ohun tó ká a lára ni pé máàkì tí olùkọ́ méjì bá fún iṣẹ́ kan náà kì í sábà dọ́gba. Ó wá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tó bá máàkì ìwé náà yóò fi fún un ní iye kan náà.

Ìṣòro tí Kelly fẹ́ yanjú kò tán pátápátá. Ibòmíràn ló ṣí lọ. Ẹni tó ń máàkì ìbéèrè aláṣàyàn kò ní láti ronú mọ́, nítorí pé ìgbà tí a ń ṣètò ìbéèrè ni a ti ronú tán. Bí ìrònú ìgbà náà bá mẹ́hẹ, kò sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Nínú ìbéèrè tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu dáhùn, ẹni tó bá rí nǹkan mìíràn nínú àyọkà lè sọ ìdí rẹ̀ kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì díẹ̀. Nínú ìbéèrè aláṣàyàn, òdo ni yóò gbà, ì báà kàwé dáadáa, ì báà má kà á rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdáhùn tó sún mọ́ra fi ju ọ̀rọ̀ eré lọ.

2.0 Àwọn èdè-ìperí àti iṣẹ́ tí ìjọra ń ṣe

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, a ó lo èdè-ìperí mẹ́rin. Orí ìbéèrè ni gbólóhùn tó béèrè ohun tí a fẹ́ mọ̀. Àṣàyàn ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí a tò sábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn gan-an ni èyí tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú. Atannijẹ ni ìdáhùn yòókù. Kì í ṣe pé olùkọ́ ń fi atannijẹ rẹ́ ọmọ jẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi í ya ẹni tó kàwé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń méfò.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi èyí hàn. Bí àṣàyàn bá jẹ́ mẹ́rin, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ka àyọkà rárá, ìrètí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú ìbéèrè 20, ó ṣeé ṣe kí ó gba nǹkan bí márùn-ún lórí èèṣì. Bí méjì nínú àṣàyàn mẹ́rin bá jìnnà débi pé ẹni tí kò ka àyọkà pàápàá mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n, ìrètí rẹ̀ di ìdajì, ìyẹn nǹkan bí mẹ́wàá nínú 20. Olùkọ́ tó fi atannijẹ bẹ́ẹ̀ kún ìbéèrè rẹ̀ nítorí pé ó ń ṣàánú àwọn ọmọ ti fi máàkì tọrẹ. Ẹni tó sì fìyà jẹ ni ọmọ tó jókòó ka àyọkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kò sí ohun tó ya òun àti amẹ́fò sọ́tọ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí ìdáhùn sún mọ́ra pọn dandan. Ìbéèrè tó ṣẹ́kù ni irú ìjọra tó tọ́ àti irú èyí tí kò tọ́.

3.0 Àyọkà àti ìbéèrè

Àyọkà yìí ni a ó lò fún àlàyé wa:

Nígbà tí Àlàbá padà sí Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó ti lò ní Èkó, ilé òfì bàbá rẹ̀ kò tíì wó, ṣùgbọ́n òfì mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀ nínú mẹ́jọ tó fi sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò béèrè ohun tó gbé e dé. Ó kàn nawọ́ sí òfì tó wà lẹ́bàá ògiri, ó ní, "Tìrẹ nìyẹn. A kò gbé e kúrò." Àlàbá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ. Kí oòrùn tó wọ̀, òwú ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bá já òwú ló ń hun aṣọ." Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló tan fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ òfì ọmọ rẹ̀, tó sì wọlé lọ láìsọ ohun kan.

3.1 Òótọ́ tí kò dáhùn ìbéèrè

Ìbéèrè kìíní: Kí ni ó fi hàn pé iṣẹ́ òfì ti dín kù nínú ilé náà?
(a) Ilé òfì náà kò tíì wó.
(b) Nínú òfì mẹ́jọ, mẹ́ta ló kù.
(d) Àlàbá ti lo ọdún mẹ́wàá ní Èkó.
(e) Òwú já mọ́ Àlàbá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kò sí irọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn ni àyọkà sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bi ara rẹ̀ pé "Ṣé òótọ́ ni?" yóò sọnù síbí, nítorí pé ìbéèrè yẹn kò lè yà wọ́n. Ohun tó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé èyí dáhùn ohun tí wọ́n bi mí?" Ìlọsílẹ̀ iṣẹ́ ni orí ìbéèrè ń wá ẹ̀rí rẹ̀, (b) nìkan ló sì sọ nǹkan tó dín kù. Ẹni tó mú (e) ti rí àmì àìmọṣẹ́ Àlàbá, ó sì pè é ní àmì ìlọsílẹ̀ iṣẹ́ ilé. Ẹni tó mú (d) ti fi ohun tó ṣeé ṣe kí ó fa nǹkan rọ́pò ohun tó fi nǹkan hàn. Ìjọra báyìí dára nínú ìdánwò: orí ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló tú u.

3.2 Ìdáhùn tí gbólóhùn kan gbè, tí àwọn yòókù kọ̀

Ìbéèrè kejì: Irú ìhà wo ni bàbá kọ sí ìpadàbọ̀ ọmọ rẹ̀?
(a) Inú ń bí i sí i.
(b) Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un.
(d) Ó fi ayọ̀ ńlá pàdé rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.
(e) Kò bìkítà bóyá ó dé tàbí kò dé.

Ẹnikẹ́ni tó ka àyọkà yóò yọ (a) àti (d) kúrò. Wàhálà wà láàárín (b) àti (e). Àwọn méjèèjì ló lè ṣàlàyé ìdí tí bàbá kò fi béèrè ohunkóhun, tó sì wọlé lọ láìsọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró lórí gbólóhùn kejì àyọkà nìkan, (e) tọ̀nà lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n òfì márùn-ún ti kúrò nílé náà, ti Àlàbá ṣì wà níbẹ̀, bàbá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a kò gbé e kúrò. Bàbá kò bá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tan fìtílà. Ẹni tí kò bìkítà kì í ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ìdáhùn (e) bá gbólóhùn kan tàbí méjì mu. Ìdáhùn (b) bá gbogbo àyọkà mu. Òfin pàtàkì kan jáde níbí: ìdáhùn gan-an ni èyí tí kò sí gbólóhùn kankan nínú àyọkà tó ta kò ó.

Ó yẹ kí a tún wo ọ̀rọ̀ àṣà. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ilé làbọ̀ sinmi oko, tó sì mọ̀ pé àgbà mìíràn kì í da ìbéèrè bo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò tètè rí (b). Àwọn onímọ̀ kan lè sọ pé ìmọ̀ ìta àyọkà nìyí, kò sì yẹ kí ó wọ inú ìdánwò. Ní èrò tiwa, kò sí bí a ṣe lè ka èdè kan láìgbé àṣà rẹ̀ dání. Ibi tí ààlà wà ni pé ìmọ̀ àṣà lè tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀rí. Bí a bá yọ fìtílà àti òfì ẹ̀bá ògiri kúrò nínú àyọkà yìí, àṣà nìkan kò tó láti fi sọ pé (e) kò tọ̀nà, ìbéèrè náà yóò sì di èyí tí kò bófin mu.

3.3 Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìdí tí a fi sọ ọ́

Ìbéèrè kẹta: Kí ni bàbá ní lọ́kàn nígbà tó sọ pé "Ẹni tó bá já òwú ló ń hun aṣọ"?
(a) Òwú tí kò bá já kì í di aṣọ.
(b) Àṣìṣe kì í wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.
(d) Kò yẹ kí a máa fi ẹni tó ṣe àṣìṣe ṣe yẹ̀yẹ́.
(e) Àlàbá kò mọ aṣọ hun mọ́.

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe òwe àtọdúnmọ́dún, ṣùgbọ́n ẹ̀hun òwe ló ní. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni, a sì fi "ni" gbé "ẹni tó bá já òwú" síwájú. Ìdáhùn (a) mú ìtumọ̀ eréfèé, ó sì tún dà á rú, nítorí pé ẹni tó ń hun aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe òwú. Ìdáhùn (e) lòdì sí ohun tí bàbá ń sọ.

Ó ku (b) àti (d). Níbí ni lámèyítọ́ wa ti gbọ́dọ̀ kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́ kí ó dojú kọ olùṣètò ìbéèrè. Ìdáhùn (b) sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìdáhùn (d) sọ ìdí tí bàbá fi sọ ọ́ ní àkókò yẹn gan-an, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ní lọ́kàn" tó wà nínú orí ìbéèrè jẹ́ pọ́nna: ó lè tọ́ka sí ìtumọ̀, ó sì lè tọ́ka sí èrèdí. Olùṣètò lè gbè (b) lẹ́yìn pé àyọkà kò sọ ẹni tí bàbá kọjú sí. Bí ó bá jẹ́ Àlàbá ló ń bá sọ̀rọ̀ láti tù ú nínú, (d) kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n (b) dúró bó ti wù kí ó rí. Àwíjàre yìí lágbára, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mú (d) ti so ọ̀rọ̀ bàbá mọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ, irú ìfòyemọ̀ tí a sì ń fẹ́ kí ó ní náà nìyẹn. Kò yẹ kí ó gba òdo nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí olùkọ́ kò fara balẹ̀ yàn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí orí ìbéèrè bá jẹ́ "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá yìí?", (b) nìkan ló tọ̀nà. Ìjọra àṣàyàn kò yí padà. Orí ìbéèrè ló là.

3.4 Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó gbé ìtumọ̀ ru

Ìbéèrè kẹrin: Èwo ló sún mọ́ ìtumọ̀ "ilé òfì bàbá rẹ̀ kò tíì wó" jù lọ?
(a) Ilé náà kò lè wó.
(b) Ilé náà kò wó títí di ìgbà tí Àlàbá dé.
(d) Ilé náà kò ní wó.
(e) Ilé náà kò fẹ́ wó.

Ìyàtọ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni òpó gbólóhùn. "Tíì" sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀ dé àkókò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. "Kò ní" sọ ti ọjọ́ iwájú. "Kò lè" sọ ti agbára. Nínú àyọkà kan náà, "péré" sọ fún wa pé mẹ́ta kéré lójú ẹni tó ń ròyìn. "Kàn" sọ pé bàbá kò ṣe ju nína ọwọ́ lọ. "Fúnra rẹ̀" sọ pé kò rán ọmọ iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá fo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò ka ìtàn náà tán, ṣùgbọ́n kò ní lè yan láàárín ìdáhùn méjì tó sún mọ́ra.

4.0 Àmì ohùn: ìjọra tí kò yẹ kí ó wà

Oríṣìí ìjọra kan wà tí kò ní àwíjàre, èyí ni ìjọra tí àìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ máa ń fà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọ̀pá ìdúró àyọkà wa. Òwú ni ohun tí a fi ń hun aṣọ. Owú ni ohun tí orogún ń jẹ. Òwu ni orúkọ ìlú àti ìran kan nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá tẹ̀ wọ́n láìsí àmì, "owu" ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́. Bí olùkọ́ bá béèrè ìtumọ̀ "owu" nínú àyọkà, àyíká ọ̀rọ̀ lè gba akẹ́kọ̀ọ́ là. Ṣùgbọ́n bí àwọn àṣàyàn fúnra wọn bá jẹ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí ẹ̀rọ sì tẹ gbogbo wọn ní "oko", kò sí àyíká ọ̀rọ̀ nínú àṣàyàn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìdáhùn mẹ́ta ti di ọ̀kan.

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti là wá lójú lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè yìí. Ẹni tó bá tẹ ìbéèrè àkàyé láìfi àmì sí i kò dín iṣẹ́ kù fún ara rẹ̀ nìkan; ó ti pa ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lò rẹ́. Àwáwí pé kọ̀ǹpútà kò ní àmì ohùn kò bá ìgbà mu mọ́, nítorí pé pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá ti wà fún kọ̀ǹpútà àti fún fóònù. Ibi tí a bá ti ń dán èdè wò, àmì rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí a ń dán wò.

5.0 Lámèyítọ́ lórí "ọgbọ́n ìdánwò"

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ló ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nínú kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. A ó yẹ márùn-ún nínú wọn wò.

Èkíní ni pé kí a mú ìdáhùn tó gùn jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú olùkọ́ ni òótọ́ náà. Olùṣètò tí kò fara balẹ̀ máa ń fi àlàyé kún ìdáhùn gan-an kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn rẹ̀, yóò sì fi atannijẹ sílẹ̀ ní ṣókí. Bí ìdáhùn bá gùn dọ́gba, ìmọ̀ràn yìí kò níṣẹ́.

Èkejì ni pé kí a mú ìdáhùn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà nínú àyọkà. Èyí ló burú jù. Ìbéèrè kìíní ti fi hàn pé inú àyọkà ni a ti máa ń bu ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe atannijẹ, nígbà tí ìdáhùn gan-an sábà máa ń lo ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ ohun kan náà.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a sá fún ìdáhùn tó bá ní "gbogbo", "láéláé" tàbí "kò sí ẹnikẹ́ni". Ìṣọ́ra ni, kì í ṣe òfin. Bí àyọkà bá sọ pé gbogbo ará ìlú ló jáde, ìdáhùn tó sọ pé "ọ̀pọ̀" ni kò péye.

Ẹ̀kẹrin ni pé bí méjì bá jọra, irọ́ ni àwọn méjèèjì. Bí ìtumọ̀ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni a fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún mọ́ra lásán, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni ìdáhùn gan-an, èkejì sì ni atannijẹ tí olùkọ́ lo agbára jù lé lórí.

Ìkarùn-ún ni pé kí a má ṣe yí ìdáhùn àkọ́kọ́ padà. Benjamin, Cavell àti Shallenberger ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1984, ohun tó sì hàn ni pé àwọn tó ń yí ìdáhùn padà sábà máa ń kúrò nínú àṣìṣe bọ́ sínú èyí tó tọ̀nà ju kí wọ́n kúrò nínú èyí tó tọ̀nà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó padà sínú àyọkà tó sì rí ẹ̀rí tuntun ní ẹ̀tọ́ láti yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Ẹ̀rù nìkan ni kò yẹ kí ó mú un yí i.

Ohun tí àwọn ìmọ̀ràn mẹ́rin àkọ́kọ́ ní lápapọ̀ ni pé wọ́n kọ́ ọmọ láti ka àṣàyàn dípò àyọkà. Ọmọ tó bá fi wọ́n yege yóò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì láìmọ ìwé kà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà yóò sì di olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ mìíràn ní àkàyé.

6.0 Dídán ìdánwò wò

Ọ̀nà kan wà tí olùkọ́ lè fi mọ̀ bóyá ìbéèrè rẹ̀ ń dán ìwé kíkà wò: kí ó gbé ìbéèrè fún àwọn tí kò rí àyọkà. Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí pẹ̀lú ìdánwò SAT ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1990. Wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka àyọkà rárá gba máàkì ju iye tí èèṣì lè fún wọn lọ. Bí ìdánwò tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ bá lè ní àléébù yìí, kò yẹ kí ojú ti olùkọ́ kíláàsì láti yẹ tirẹ̀ wò.

Ọ̀nà kejì ni kí a wo ẹni tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kelley dábàá ní 1939 pé kí a fi ìdá 27 nínú 100 tó gba máàkì jù wé ìdá 27 nínú 100 tó gba máàkì kéré jù. Ká ní kíláàsì kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 40. Nǹkan bí 11 ni ìdá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Bí mẹ́jọ nínú àwọn tó mókè bá mú ìdáhùn gan-an, tí mẹ́ta nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ mú un, ìyàtọ̀ jẹ́ márùn-ún nínú 11, ìyẹn 0.45. Ìbéèrè náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́jọ nínú àwọn tó mókè bá mú atannijẹ kan náà, kí olùkọ́ má tètè sọ pé wọn kò kàwé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí ohun tí òun kò rí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ (b) àti (d) nínú ìbéèrè kẹta wa.

A sì ní láti bi ara wa bóyá àṣàyàn mẹ́rin pọn dandan. Rodriguez, nínú àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ìwádìí ọgọ́rin ọdún tó gbé jáde ní 2005, gbà pé àṣàyàn mẹ́ta ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ìdánwò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Atannijẹ kẹta sábà máa ń jẹ́ àfikún tí kò sí ẹni tó mú un. Atannijẹ méjì tó lágbára sàn ju mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹrù lásán.

7.0 Àbá

Fún olùkọ́ tó ń kọ́ni ní àkàyé, àbá wa ni pé kí ó má ṣe parí àtúnṣe iṣẹ́ sí "(b) ni". Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdí tí ìdáhùn kejì tó sún mọ́ ọn fi kùnà, kí ó sì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó ta kò ó nínú àyọkà. Ìbéèrè mẹ́ta tó bí ẹ̀rí wá ni kí ó máa bi ara rẹ̀ nínú ìdánwò: Kí ni wọ́n bi mí gan-an? Gbólóhùn wo ló gbè é? Ǹjẹ́ gbólóhùn kan wà tó kọ̀ ọ́?

Fún olùṣètò ìbéèrè, kí ó kọ ìdí tí atannijẹ kọ̀ọ̀kan kò fi tọ̀nà sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ibi tí kò bá ti lè fi ìka lé gbólóhùn kan, kí ó tún ìbéèrè náà ṣe tàbí kí ó yọ ọ́. Kí ìdáhùn gùn dọ́gba, kí orí ìbéèrè má ní pọ́nna, kí àmì ohùn pé. Kí ó sì gbé e fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti dáhùn. Bí olùkọ́ Yorùbá méjì kò bá mú ìdáhùn kan náà, kò tọ́ kí a fi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe onídàájọ́ láàárín wọn.

Fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ṣíṣètò ìbéèrè àkàyé lédè Yorùbá jẹ́ ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE yóò ṣe kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn òfin tí a ń kọ́ wọn lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì wúlò, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó sọ nípa "tíì" àti "ní", tàbí nípa òwú àti owú.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ìdáhùn tó sún mọ́ra kì í ṣe ọ̀tá akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọra tí orí ìbéèrè tú, ìjọra tí gbogbo àyọkà tú àti ìjọra tí ọ̀rọ̀ kékeré kan tú, gbogbo wọn ló ń kọ́ ọmọ láti tún ìwé kà lẹ́ẹ̀kejì. Ìjọra tí pọ́nna àti àìsí àmì ohùn fà nìkan ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ìdánwò ti wù kí ó kánjú tó, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè padà sínú àyọkà kí ó rí ohun tó ya ìdáhùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ojúṣe olùkọ́ ni kí ó rí i dájú pé ohun náà wà níbẹ̀ kí ọmọ tó lọ wá a.